Orúkọ Kì Í Ja Ìjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Oníjàkadì Orí Ìtàgé Tí Ń Wọ Àhámọ́ Ìjà Gidi

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá péjọ sí ìdí amóhùnmáwòrán: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ó fi ìjàkadì orí ìtàgé ṣe iṣẹ́, tí tọmọdé tàgbà sì mọ orúkọ rẹ̀, wọ inú àhámọ́ onírin lọ bá àwọn tí ń ja ìjà gidi díje? Àwọn kan a ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Wọ́n a ní ẹni tí ó lè gbé ọkùnrin tí ó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta sókè, kí ó sì là á mọ́lẹ̀, kò yẹ kí ó bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn a ní ẹ̀tàn pátápátá ni irú ìjàkadì bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó ti inú rẹ̀ wá kò ju òṣèré lásán lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó pé. Ohun tí ó tọ́ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí ó wo àwọn tí ó ti rin ọ̀nà náà kọjá, kí ó tó dá ẹjọ́.

Ìjàkadì orí ìtàgé, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ WWE ń gbé jáde ní Amẹ́ríkà, jẹ́ eré tí wọ́n ti pinnu ẹni tí yóò borí kí àwọn méjèèjì tó jáde sí gbangba. Èyí kì í ṣe àhesọ ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí ó ń jẹ́ WWF nígbà náà, ni ó sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré amúnilárayá ni iṣẹ́ òun, kì í ṣe ìdíje, kí ìjọba baà lè mú ọwọ́ kúrò nínú àbójútó àti owó-orí tí ó ń gbà lórí rẹ̀. Ìjà àdàpọ̀, tí ayé mọ̀ sí MMA, yàtọ̀ sí èyí bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, tí wọ́n ń ta ara wọn nípàá, tí wọ́n ń gbé ara wọn ṣubú, tí wọ́n ń fún ara wọn lọ́rùn, tí wọ́n sì ń ká ara wọn lápá àti lẹ́sẹ̀, títí ọ̀kan yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, tàbí tí rẹfirí yóò fi là wọ́n, tàbí tí àkókò yóò fi pé kí àwọn onídàájọ́ ka máàkì. Kò sí ẹni tí ó mọ bí yóò ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ó bá pe oníjàkadì orí ìtàgé ní ọ̀lẹ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ìṣubú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń fi lu pákó ní alaalẹ́, eékún àti ọrùn rẹ̀ sì ń san gbèsè náà nígbà tí ọjọ́ bá lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni pé orí àmánà ni iṣẹ́ náà dúró lé. Nígbà tí ọ̀kan bá jẹ́ kí ẹnì kejì gbé òun sókè, ó ti fi ọrùn rẹ̀ lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn ni ẹni tí ó lè mú kí ó dà bí ẹni pé ó ń pa ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n tí onítọ̀hún yóò dìde padà sílé láìní ọgbẹ́. Ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ́ ọwọ́ wọn ní àánú yìí, tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn láti gba ìṣubú dípò kí wọ́n yẹra fún un. Nínú àhámọ́ onírin, ìwà méjèèjì yìí di àléébù. Ọwọ́ tí ó ti mọ́ra láti dá ẹ̀ṣẹ́ dúró kí ó tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò pẹ́ kí ó tó lè kan án. Ara tí ó ti mọ́ra láti bá ẹni tí ó fẹ́ gbé e lọ kò ní tètè rántí láti kọ̀. Níbí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà: agbára lè pọ̀ lára ẹnì kan, ìgboyà lè wà lọ́kàn rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ sì jẹ́ òdìkejì ohun tí ibi tí ó ń lọ ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1976, ní gbọ̀ngàn Nippon Budokan ní ìlú Tokyo, Muhammad Ali, tí ó jẹ́ olúborí àwọn akànṣẹ́ àgbáyé nígbà náà, dojú kọ Antonio Inoki, gbajúmọ̀ oníjàkadì orí ìtàgé ní ilẹ̀ Japan. Abala 15 ni wọ́n fi jà. Inoki mọ̀ pé bí ọwọ́ Ali bá tẹ òun, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí náà ó dùbúlẹ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà, ó sì ń ti ilẹ̀ ta Ali nípàá ní itan àti ojúgun. Àwọn onídàájọ́ ní ọ̀mì ni wọ́n ta. Inú àwọn òǹwòran kò dùn rárá, ẹsẹ̀ Ali sì wú tí ẹ̀jẹ̀ fi dì nínú rẹ̀, tí ó sì di èrò ilé-ìwòsàn. Bí ẹni tí ó tóbi tó Ali ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀ bá lè fara gbọgbẹ́ báyìí nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ kan kúrò nínú ohun tí ó mọ̀, kí ni ti ẹni tí kò tó o?

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, Inoki lọ sí Karachi ní ilẹ̀ Pakistan, ó sì bá Akram, ọmọ ìdílé tí ó lókìkí nínú ìjàkadì níbẹ̀, wọ̀yá ìjà. Inoki ká a lápá títí apá náà fi bàjẹ́, ìjà sì parí. Oníjàkadì orí ìtàgé ni Inoki, òótọ́ ni, àmọ́ ó ti kọ́ bí wọ́n ti ń ká ènìyàn lápá ní tòótọ́ kí ó tó di pé ó ń fi í ṣeré. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn máa béèrè kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti wá, bí kò ṣe ohun tí ó ti kọ́.

Ilẹ̀ Japan yìí kan náà ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Nobuhiko Takada jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn ga jù lórí ìtàgé wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, níbi ìdíje PRIDE àkọ́kọ́ ní Tokyo Dome, wọ́n gbé e ko Rickson Gracie, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ẹni tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ti ń ja ìjà ilẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí Takada fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nítorí apá tí wọ́n ká. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan náà ní ọdún 1998, wọ́n tún pàdé, apá náà ni wọ́n tún ká. Gbogbo ìborí tí ó ti ní lórí ìtàgé kò lè gbà á sílẹ̀.

Kazushi Sakuraba bá Takada ṣiṣẹ́ lórí ìtàgé kan náà, ó sì kéré sí i ní orúkọ. Ṣùgbọ́n láti ilé-ìwé ni Sakuraba ti ń ja ìjàkadì ìdíje, èyí tí kò sí àdéhùn nínú rẹ̀, ó sì bá a dé yunifásítì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ó bá Royce Gracie, àbúrò Rickson, jà ní Tokyo Dome. Royce yìí ni ó borí nínú ìdíje UFC àkọ́kọ́ tí ó wáyé ní Denver ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993. Ìjà náà gba 90 ìṣẹ́jú gbáko, títí àwọn ènìyàn Royce fi ju táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ pé ó tó. Ìtàgé kan náà ni àwọn ọkùnrin méjì yìí ti wá. Ìmọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ìtàgé náà ni kò dọ́gba.

Ẹnìkan lè wá sọ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nígbà náà, pé kí ẹni tí ó bá ti ja ìjàkadì ìdíje rí máa lọ. Rárá o. Yuji Nagata ti ja ìjàkadì ìdíje kí ó tó dé orí ìtàgé, àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2001, wọ́n gbé e ko Mirko Cro Cop, akànṣẹ́ àti atanípàá láti ilẹ̀ Croatia. Ìpá kan dé e lórí, ìjà sì parí ní ìṣẹ́jú-àáyá 21. Dípò kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n tún gbé e ko Fedor Emelianenko, ẹni tí kò sí ẹni tí ó wúwo tó o tí ó lè dá a dúró ní àkókò náà. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni ìyẹn gbà. Ta ni ó jèrè nínú rẹ̀? Kì í ṣe Nagata. Kì í ṣe òǹwòran tí ó fẹ́ rí ìjà. Àwọn tí ó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ WWF dán ohun tí ó jọ èyí wò láàrin ara rẹ̀ ní ọdún 1998. Wọ́n ní kí àwọn oníjàkadì orí ìtàgé mélòó kan gbé ìbọ̀wọ́ akànṣẹ́ wọ̀, kí wọ́n jà á ní òótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fara pa, tí wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bart Gunn ni ó borí. Kí ni èrè rẹ̀? Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1999, wọ́n fi í ko Butterbean, akànṣẹ́ tòótọ́, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìṣẹ́jú-àáyá 35 ni Butterbean fi gbá a sùn. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó yẹ kí ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Àpẹẹrẹ méjì tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń tọ́ka sí jù ni ti Brock Lesnar àti ti CM Punk. Ti Lesnar ni àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà fi ń gbéra ga: ó kúrò lórí ìtàgé WWE ní ọdún 2004, ó sì gba ìgbànú olúborí UFC lọ́wọ́ Randy Couture ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, nínú ìjà àdàpọ̀ rẹ̀ kẹrin péré. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé Lesnar ti gba ipò kìíní nínú ìjàkadì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ìtàgé. Pẹ̀lú èyí náà, nígbà tí ó kọ́kọ́ dé UFC ní oṣù Kejì ọdún 2008, ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni Frank Mir fi ká eékún rẹ̀ tí ó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ó borí nítorí ohun tí ó mọ̀ kí ó tó di gbajúmọ̀; ó sì ṣubú níbi tí ohun tí ó mọ̀ dópin.

CM Punk kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni wọ́n kéde pé ó ń bọ̀ ní UFC, láìtíì ja ìjà àdàpọ̀ kankan rí. Ó lọ kọ́ṣẹ́, ó sì ṣe wàhálà rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá jẹ́ olódodo kò ní fi ìyẹn dù ú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 38, ó dojú kọ Mickey Gall ní Cleveland. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 14 ni Gall fi fún un lọ́rùn títí ó fi ní ó tó. Owó tí wọ́n kéde fún Punk tí ó ṣubú jẹ́ 500,000 dọ́là. Ti Gall tí ó borí jẹ́ 30,000. Kí ọ̀dọ́ fi ọkàn sí ìṣirò yìí. Kì í ṣe ìjà ni wọ́n sanwó fún. Orúkọ ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ọjà ti rí, kí ó wo Israel Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, tí ó sì dàgbà sí ilẹ̀ New Zealand. Kò ti orí ìtàgé kankan wá. Ó ti ja ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, síbẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà àdàpọ̀ ní ọdún 2012, ibi kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2018 ni ó tó dé UFC, ọdún 2019 ni ó sì di olúborí. Ọdún mẹ́fà ni ó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún Punk láìkànkùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò hàn sí ni ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà náà, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn dúró de àyè. Àyè tí wọ́n bá fún olórúkọ tí kò tíì kọ́ṣẹ́, àyè ẹlòmíràn ni wọ́n gbà.

Orúkọ a sì tún máa ra ìyọ̀ǹda. Nígbà tí Lesnar fẹ́ padà wá jà ní oṣù Keje ọdún 2016, ìlànà wà pé kí ẹni tí ó bá padà kọ́kọ́ wà lábẹ́ àyẹ̀wò oògùn fún oṣù mẹ́rin. UFC yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà náà. Ó bá Mark Hunt jà, wọ́n kéde pé ó borí, lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò dé pé oògùn tí òfin kọ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n fagi lé ìborí náà, wọ́n bu owó ìtanràn 250,000 dọ́là lé e, wọ́n sì dá a dúró fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ tí Hunt ti jẹ kò ṣeé fagi lé. Nígbà tí wọ́n bá tẹ òfin fún olókìkí, ara ẹlòmíràn ni ó ń san án.

Àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti yan iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìtàgé náà ń ba ara jẹ́, pé kí ló dé tí kò fi ní lọ síbi tí owó gbé pọ̀. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan nítorí iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí. Bobby Lashley jẹ́ ẹ̀rí èyí: ìjàkadì ìdíje ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó dé orí ìtàgé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìjà àdàpọ̀ ní ọdún 2008. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Ó ń gun àkàbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìjà 15 ni ó borí, méjì péré ni ó pàdánù. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ láti wọlé wà. Ohun tí kò sí ni ẹ̀tọ́ láti gba ojú fèrèsé wọlé.

Ìdájọ́ tí ó tọ́, nígbà náà, ni pé kí oníjàkadì orí ìtàgé wọ ìjà àdàpọ̀ bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ní ohun mẹ́ta nínú. Èkíní, kí ó ti ja ìjà mélòó kan ní ìpele àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí owó kò sí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbàgbé àánú orí ìtàgé, kí òun fúnra rẹ̀ sì lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà gbà á. Èkejì, kí ẹni tí wọn yóò fi kò ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwúwo àti ní ìmọ̀. Nínú ìjàkadì ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ọ̀gbà ni í dìmú mọ́ ọ̀gbà. Kò sí ìyìn fún àgbà tí ó gbé ọmọdé ṣubú. Ẹ̀kẹta, kí àyẹ̀wò dókítà àti ti oògùn tí ó wà fún ẹni tí kò lórúkọ wà fún òun náà, láìdín, láìfì sí i. Bí agbátẹrù ìjà bá kọ èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí, kí onítọ̀hún mọ̀ pé kì í ṣe olùdíje ni wọ́n ń wá, ohun ìpolówó ọjà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀dọ́ tí kò ní fẹsẹ̀ kan àhámọ́ kankan láéláé. Ẹni tí ó bá ń wo ìtàgé láràárọ̀ lè gbàgbé pé àwọn méjèèjì tí ó ń wò ti jọ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì gbé ọmọ aládùúgbò sókè, kí ó fi orí rẹ̀ lu ilẹ̀. Ọmọ aládùúgbò kò mọ àdéhùn kankan, ọrùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá rí i pé orúkọ mú Punk dé ibi tí iṣẹ́ kò tíì mú un dé lè rò pé bí ayé ti rí nìyẹn: kí ènìyàn kọ́kọ́ di gbajúmọ̀, kí ìmọ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Irú èrò yìí ti wọ inú iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ní ọ̀gá nítorí pé ẹnu rẹ̀ dùn. Nínú àhámọ́ onírin, ìṣẹ́jú méjì kì í pé tí àṣírí bẹ́ẹ̀ fi ń tú. Níta, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n yóò tú náà ni.

Ara jẹ́ àmánà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kì í ṣe ọjà tí agbátẹrù lè fi pa owó alẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́ tí ó bá ní agbára, tí ó sì fẹ́ jà, kí ó wá olùkọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó gba ìṣubú àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí kò ti sí kámẹ́rà. Bí orúkọ bá wá dé lẹ́yìn èyí, yóò bá ọwọ́ tí ó lè gbé e.